Ṣíà Ọlọ́ṣẹ

Àìkú, 3 Oṣù Kẹta, 1985
Dìran àbúrò mi ti Èkó dé. Akọ̀wé ni ní Ọlọ́ṣẹ — iléeṣẹ́ ọṣẹ tí mo ra ṣíà rẹ̀, ìpín nínú òwò wọn, láti ọdún 1978. Ó ní ẹnìkan ń ṣí kọ̀ǹpútà wọn, ó ń san owó fún àwọn kọngilá tí kò sí láyé. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀rọ náà ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára! Àwọn ọ̀gá ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn ò sọ fún àwa tá a ni ṣíà. Dìran bẹ̀ mí kí n pa ẹnu mọ́: “Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.”

Ajé, 4
Inú ń bí mi. Aró ni mo fi gbogbo ọwọ́ pa kí n tó rí owó ṣíà yẹn o. Ọwọ́ mi rèé, ó ṣì dúdú.

Ọjọ́rú, 6
Mo lọ sí báńkì ní Òkè-Ìlewó, mo ní kí wọ́n bá mi ta gbogbo rẹ̀. Olúbọ̀dé tó ń rí sí i ń wò mí bíi wèrè. “Màmá, ó ń gbówó lórí, ẹ̀ ń tà á?” Mo ní mo nílò owó. Kí ni kí n tún wí?

Ẹtì, 8
Àsíátù tá a jọ ń ṣe aró ní Ìtòkú béèrè ohun tó ń dùn mí. Mo ní kò sí. Ó tún béèrè. Mo jágbe mọ́ ọn — ẹ̀ṣẹ̀ Ọlọ́ṣẹ, orí Àsíátù.

Ìṣẹ́gun, 12
Ọ̀gá Ọlọ́ṣẹ nínú ìwé ìròyìn, ó ń fi eyín rẹ́rìn-ín. Ọdún yìí á dùn, ó ní. Òpùrọ́!

Ẹtì, 29
Owó ṣíà dé. Ara ò tù mí.

Ẹtì, 12 Oṣù Kẹrin
Gbogbo rẹ̀ ti tú síta. Ọlọ́ṣẹ wó lulẹ̀. Ta ló ra tèmi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ opó.

Àìkú, 14
Àsíátù wá. Olúbọ̀dé ti báńkì, ẹnu rẹ̀ ò ní ìdérí, ló sọ fún un pé mo ta ṣíà. Ó rò pé àìní ni. Ló bá ní kí wọ́n bá òun ra ṣíà Ọlọ́ṣẹ iye kan náà padà lóṣù tó kọjá, ní orúkọ Títílọlá ọmọ mi. Owó tó ń kó jọ láti fi lọ sí Mẹ́kà ni. Odindi.

“Ìyá Títí, ẹ má bínú pé mi ò tètè fura.”

Kò tíì gbọ́ ìròyìn. Mo dì mọ́ ọn, mò ń sunkún. Ó rò pé ayọ̀ ni.