Àpá Tí Mo Ha Kúrò

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Rédíò àtijọ́ ni mò ń tún ṣe, àwọn onígi tí gílóòbù inú wọn gbọ́dọ̀ gbóná kí wọ́n tó fọhùn. Màmá àgbà kan tí wọn ò ríran ní kí ọmọbìnrin wọn gbé tiwọn wá. Gílóòbù kan ló kú. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ já gaara. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dáwọ́ dúró, àmọ́ àṣejù mi ò jẹ́. Mo fi sandípépà ha igi rẹ̀ títí ó fi ń dán.

Nígbà tí mo gbé e délé, Màmá fọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì títí.

“Ojú mi dà?”

“Ojú wo, Màmá?”

Ọmọ wọn ló ṣàlàyé. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló fi ọ̀bẹ gé àpá kan síbẹ̀, kí ìka Màmá lè mọ ibi tí wọn yóò yí bọ́tìnnì dé kí wọ́n tó gbọ́ yín. Èmi rò pé igi ló bó.

Màmá ò bú mi. “O ṣé, ọmọ mi. Ó mà jọ̀lọ̀ o.”

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gé òmíràn, nígbà tí kì í ṣe ọwọ́ ọkọ Màmá ni yóò gé e? Olóòtú, ẹ má wulẹ̀ bá mi bẹ Màmá lórí afẹ́fẹ́. Wọn ò mọ ibi tí ẹ wà mọ́.