Mo Ka Ojú Ewé Kan Nínú Ìwé Rẹ

Ìyìn,

Lẹ́yìn tí o lọ sílé ìwé, òjò jò wọ yàrá rẹ. Bí mo ṣe ń kó ẹrù rẹ, ìwé tí o ń yàwòrán sí já bọ́, ó sì ṣí. Má bínú, mo ka ojú ewé kan.

Láti ìgbà tí mọ́mì rẹ ti kú tí o wá bá mi ní Fìdítì, o kì í bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò pé o kórìíra mi. Àṣé o ti yà mí níbi tí mo ti ń dirun fún ẹ, o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọwọ́ Àǹtí ò le, bíi ti Mọ́mì ló rí." Mo sunkún, ara tù mí.

Ìwé náà ò tutù, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Iṣu wà nínú ìkòkò.

Tó bá wù ẹ́ láti máa dákẹ́, máa dákẹ́. Ọkàn mi ti balẹ̀.

Àǹtí Mosún