Díẹ̀-Ló-Kù àti Ìkànnì Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Ó ti tó, mo ti gbà. Ọmọ mi obìnrin ti fi ọ̀rọ̀ ìkànnì dí mi létí — gbogbo oníṣòwò ti wà lórí ayélujára, màmá nìkan ló ṣì jókòó ti àga ń dúró kí oníbàárà ṣìnà wọlé. Ó bá mi wá ọkùnrin kan tó ń ṣe é. Kò ní ọ́fíìsì, ilé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó wá lónìí, ó lọ jókòó sórí àga tí mi ò tíì kàn tán. Ìṣó gún un. Kò pariwo. Ó ní, "Kò séwu, mà." Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kan péré, ó ní.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Fọ́tò. Ó ya àga, ó ya òòlù, ó ya ìdì fóòmù bí ẹni ń ya ìyàwó tuntun. Mo ti wọ aṣọ tó dáa sílẹ̀ dè é — ó ní kí n lọ bọ́ ọ, kí n wọ aṣọ iṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ tí gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ mọ́ káàkiri! Ó ní ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ rí nìyẹn. Ayé ti yí padà.
Ó wá bi mí pé ta ló dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Mo ní èmi ni. Wéré ni mo sọ ọ́.
Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi níṣẹ́, àwa méjèèjì la jọ ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí mo ṣe pátákó tuntun, orúkọ tèmi nìkan ni mo kọ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, wọ́n mú òòlù wọn, wọ́n lọ. Ọdún mẹ́ta rèé. Bí a bá pàdé, ẹ kú àárọ̀, ó tán. Ó ń dùn mí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Mo pè é. "Díẹ̀ ló kù, mà."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá
"Díẹ̀ ló kù, mà." Ìkókó ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ti pé. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Díẹ̀-Ló-Kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Ẹ ò rí nǹkan. Díẹ̀-Ló-Kù ní èmi lòun ń dúró dè! Kí n kọ ọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́. Èmi tí ọwọ́ mi mọ òòlù ju bírò lọ. (Ìwé yìí kò kà, èmi àti òun nìkan ni.) Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́nu. Mo gba ohùn mi sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, mo fi ránṣẹ́. Nínú ìkeje, ẹnu mi yọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi jáde. Mo yára ní kó má kọ ọ́.
Ó fèsì pé òun ti gbọ́. Èèyàn dáadáa ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Ó ti dé! Ó fi líǹkì ránṣẹ́, ó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n má tíì fi han ẹnikẹ́ni. Mo ṣí i. Àga mi. Òòlù mi. Ojú mi nìyẹn, gbàgàdà. Orí mi wú. Kíá, mo ti jù ú sínú gúrúùpù ẹbí lórí Wásáàpù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà —
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi awò sójú kà á ni. Mo gbé!
Gbogbo ohun tó ti ẹnu mi jáde ló wà níbẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyá ìkókó ńkọ́? A máa ń tún àga ṣe, a tún máa ń — ẹ dúró ná, ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn." Ikọ́ tí mo wú pàápàá wà níbẹ̀: "Ó wúkọ́." Lẹ́yìn náà, yéè: "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Tí mo bá ṣe àga tán, wọ́n á kọ́kọ́ yí i wò lábẹ́. Mi ò tíì rí irú ọwọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìyẹn síbẹ̀ o."
Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n kọ "ẹ má kọ ìyẹn síbẹ̀" náà.
Mo pe Díẹ̀-Ló-Kù. Ó ní ìkókó ló ń yọ àwọn lẹ́nu, ìyàwó òun ló bá òun gbọ́ ohùn mi, ló bá òun tẹ̀ ẹ́. Òun kàn kó o síbẹ̀ láti fi wo bí ojú ewé ṣe máa gùn tó ni, kí òun àti èmi tó jọ gé e. Ṣebí òun ní kí n má fi han ẹnikẹ́ni? Ìyàwó gba fóònù: "Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mà. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi yọ ọ́?"
Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Mo sáré lọ pa líǹkì rẹ́ nínú gúrúùpù. Gbogbo wọn ti rí i. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Àbúrò bàbá wa nìkan ló fèsì: "Ó wúkọ́? Pẹ̀lẹ́ o." Mo ń ṣí fóònù wò ṣáá bóyá ẹ̀gbọ́n mi á fèsì. Ara mi ò balẹ̀ rárá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Díẹ̀-Ló-Kù fẹ́ gé ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kó ṣe sùúrù. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi ni mò ń fà á sẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́
Díẹ̀-Ló-Kù fúnra rẹ̀ ló pè. Ẹnì kan ti kọ̀wé sí wa láti orí ìkànnì, oníbàárà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì yé òun. Ó kà á sí mi létí:
"Mo ní àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Mo lè tún un ṣe fúnra mi, àmọ́ ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ ni mo fẹ́ kó ṣe é. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Màá yí i wò lábẹ́ kí n tó gbà á o. Ikọ́ wo ló tún ń wú?"
Díẹ̀-Ló-Kù ní, "Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n, mà?"
Mo jókòó gbì sórí àga tó wà lẹ́yìn mi. Ìṣó gún mi. Mi ò pariwo.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún
Mo ní kí Díẹ̀-Ló-Kù yọ ikọ́ nìkan, kó fi ìyókù sílẹ̀. Mo tún ti ránṣẹ́ pe ẹni tó ń kọ pátákó, kó wá fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kún tèmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún
Ẹ̀gbọ́n mi dé. Wọ́n gbé àga kalẹ̀, wọ́n gbé àpò wọn tì í, mo rí ẹnu òòlù nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Òun nìyẹn." Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ àga náà mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo mì ín, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Kò sí èyí tó ń mì.
Mi ò sọ fún wọn. Mo mú òòlù, mo ní iṣẹ́ wà lára rẹ̀ o, á gbà wá tó ọjọ́ mélòó kan.