Àpáàdì Inú Táǹkì Ẹja Mi

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Inú ń bí mi gan-an. Àná ni ìyá ọkọ mi ti Atosin dé. Kí n tó ti ọjà dé lónìí, wọ́n ti fọ táǹkì ẹja tó wà ní pálọ̀, wọ́n sì ti da àpáàdì méjì tí mo kó síbẹ̀ nù, èyí tí ẹja àrọ̀ mi méjèèjì fi ṣe ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ààtàn ni ibùjókòó àpáàdì.

Àrọ̀ ńlá ò rílé mọ́, ló bá ń lé kékeré kiri. Ó ti bu ìrù rẹ̀ jẹ.

Ọkọ mi ní, "Ṣebí ẹja lásán ni."

Lásán.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

"Kò tọ́pẹ́, ìyàwó mi. Yàrá rẹ ni màá bá ẹ tún tò lọ́la."