Ojúewé Tí Zikrullah Fi Sínú Fóònù Mi

Ilé Kẹtàlá, Òpópónà Mọ́ṣáláṣí,
Egan, lọ́nà Ìgándò,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2010.

Zikrullah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé Ìlọrin ń gbè ọ́, àti pé ọ̀gá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kò fi iṣẹ́ pa ọ́. Ìyá rẹ kí ọ. Èmi náà ì bá kí ọ dáadáa, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò sì ní fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ òsì la fi ń na ọmọ, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Òsì nìkan ni mo mú wá lónìí.

O lè máa béèrè ìdí tí n kò fi pè ọ́. Ṣebí mo mọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná báyìí, wàá ní, "Hẹlóò, Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa o," wàá sì gé e mọ́ mi létí. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì jàre. Awakọ̀ kan ní Ìyànà Ìpájà ti ṣèlérí pé ọwọ́ rẹ gan-an ni òun máa fi í lé. Jókòó, kí o kà á tán.

Ṣé o rántí ọjọ́ kejì Iléyá? O gba fóònù mi, o jókòó sórí bẹ́ńṣì tí mo ti ń fá pákó, o ní o fẹ́ fi ètò kan sí i tí n ó fi máa wo íńtánẹ́ẹ̀tì láti inú ilé mi. O ní kí n ra káàdì, mo ra káàdì. O tẹ̀ ẹ́ títí, ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀, títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Nígbà tó wá ṣí, tí mo rí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Aasiyah àbúrò rẹ ń dúró dè, pẹ̀lú géètì rẹ̀ àti orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú, inú mi dùn débi pé mo pe ìyá rẹ jáde láti ìdí ìkòkò. O ní wọ́n ṣì máa gbé orúkọ kejì jáde níbẹ̀. Mo ṣàdúrà fún ọ lọ́jọ́ náà. Bí àdúrà bá ṣeé gbà padà, ǹ bá ti gbà á.

Mo bi ọ́ pé báwo ni èmi tí n kò gbọ́ òyìnbó púpọ̀ ṣe máa rí i bí o bá ti lọ. O ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Mo ti séèfù ẹ̀ fún yín. Ẹ tẹ ibí, ẹ tẹ ibí, ó máa ṣí kíá, kò sì ní jẹ káàdì yín rárá." Ó parí. O gbé báàgì, o bá tìrẹ lọ. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí mo rán lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì ṣìnà.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, kí n tó fọwọ́ kan ayùn, mo máa tẹ ibẹ̀, mo máa tẹ ibẹ̀. Ó ń ṣí kíá lóòótọ́! N ó fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Aasiyah kò sí níbẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí wọ́n sọ mí ní Bàbá Oníńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń jẹ́ ẹ. Bàbá Táyéwò tó ń gbé ní iwájú ilé wa ní kí n bá òun wo ti ọmọ òun tó bá Aasiyah ṣe ìdánwò. Mo wò ó, mo ní kò sí, mo tún ní kó ní sùúrù bíi tèmi.

Ní Sátidé tó kọjá, mo rí Táyéwò tó ru mátírẹ́ẹ̀sì, tó ń wọ́ àpótí bọ̀ láti ilé wọn. Mo ní níbo? Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni, sà, òun ti rí orúkọ òun níbòmíràn. Mo ní irọ́ ni, orúkọ rẹ kò sí níbẹ̀, mo ṣì wò ó láàárọ̀ yìí! Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá fi fóònù hàn mí. Ó ní, "Bàbá, ojúewé ọjọ́ Iléyá lẹ ń wò láti ìgbà yìí o. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ náà ló ṣe máa wà." Háà! Bí ẹni ń wo fọ́tò ọdún tó kọjá kó lè mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ níta. Ó tẹ nǹkan mìíràn, ojúewé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Aasiyah ni ẹni kejìdínlógún. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tí kò bá dá fọ́ọ̀mù padà kí oṣù Kìíní tó parí ti pàdánù àyè rẹ̀.

Zikrullah! Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? "Bàbá, èyí kì í yí padà o." Gbólóhùn kan péré, ṣé ó máa já ahọ́n rẹ ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọbìnrin yẹn ṣe ìdánwò náà. Lánàá mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù, ẹni tí mo lè bí lọ́mọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, a ti fi ẹlòmíràn sí i." Láti ibẹ̀ dé Egan ni mo fi ń bú ọ nínú mọ́tò, àwọn èrò ń wò mí.

Ohun kan wà tí n kò tíì kọ, ìyá rẹ pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Láàárín oṣù Kìíní, Aasiyah sáré wọlé bá mi pẹ̀lú ìwé fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo lọ wò ó ní kaféè ní Ìgándò. Wọ́n ti mú mi. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i níbí." Mo yọ fóònù, mo ṣí i, mo nà án sí i lójú, mo ní, "Fi orúkọ rẹ hàn mí níbẹ̀. Ta ló ń purọ́, èmi àbí àwọn gbájú-ẹ̀ tó kún kaféè?" Ó ní, "Bóyá ti yín ló ti pẹ́, sà." Mo ní ṣé bùọ̀dá rẹ tó kọ́ kọ̀ǹpútà ni kò mọ nǹkan, àbí èmi tí mo bí ọ? Mo fa ìwé náà ya. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó ṣa á nílẹ̀, ó wọlé, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ìwọ kò sọ fún mi. Òun sọ fún mi. Ìyẹn ló ń jó mi lára tí mo fi ń pariwo lé ọ lórí láti òkè ìwé yìí wá. Tìrẹ kò kéré o, má rò pé mo ti dá ọ sílẹ̀. Wá sílé lópin oṣù yìí, kí o jókòó níwájú àbúrò rẹ, kí o bẹ̀ ẹ́. Èmi náà máa jókòó tì ọ́, torí n kò tíì rí ẹnu tí n ó fi bẹ̀ ẹ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oore ọwọ́ rẹ pa ẹnikẹ́ni lára mọ́. Kó là ọ́ lóye, kó sì là mí létí. Kó tún ṣí ọ̀nà mìíràn fún Aasiyah, èyí tó dára ju eléyìí lọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀,
Mùtíù Káfíńtà.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ lẹ ìwé yìí, Aasiyah gbé omi wá fún mi, ó béèrè ẹni tí mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ìwọ ni. Ó ní kí n bá òun kí ọ, kí n má sì bínú sí ọ púpọ̀, pé o kò mọ̀ ni. Mo dúró, mo ń retí bóyá ó máa fi ọ̀rọ̀ tèmi náà kún un. Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó jáde.