Láísẹ́ǹsì Tí A Kò Lè Fọwọ́ Mú

Abúlé Balógun,
Ọ̀nà Ìmọ̀ta,
Ọjọ́ Àìkú.

Saheedat ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Bàríga níbẹ̀. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé omi ti ń yọ nílé yín? Ọlọ́run ò ní fi ọ́ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ etí fìlà mi. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ọmọ yìí, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ.

Orúnkún ìyá rẹ ló fa ọ̀rọ̀. Wọ́n ti dá Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ fún wa ní Igbóbì, kí dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá rẹ ní òun ò ní gbé ẹsẹ̀ kúrò nílé àfi tí òun bá gbọ́ ọ láti ẹnu ìwọ Saheedat pé wàá dúró de òun ní Fádèyí, nítorí òun ò ní í fi orúnkún yìí gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ yẹn láìsí ọwọ́ ọmọ òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní àfi ẹnu rẹ. Fóònù tìrẹ sì ti mu omi láti oṣù tó kọjá, o kì í sì í fẹ́ yá ti ẹnikẹ́ni, ìwọ tí o ò fẹ́ yọ ará ilé lẹ́nu. O ní ká máa pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ yín, pé wọ́n á so wá mọ́ ọ. A pè. Ṣé wọ́n so wá?

Obìnrin kan ló gbé e. Ó pè mí ní oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ó ní kí n tẹ ení fún Yorùbá, kí n tẹ èjì fún Gẹ̀ẹ́sì. Mo tẹ ení. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti orúnkún fún un láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti ṣubú nídìí kànga. Mi ò tíì dé ibi tó wúlò tó fi já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí wọn, kí n jọ̀wọ́ ní sùúrù. Mo ní sùúrù. Ó fi orin sí i. Ó tún padà dé, ó tún sọ nǹkan kan náà bí ẹni pé a ò tíì pàdé rí. Ni mo bá bú u. Bí mo ṣe ń bú u ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, títí owó fi tán lórí fóònù. Láyé mi, mi ò rí ẹni tí èébú kì í bí nínú bẹ́ẹ̀.

Rashidat ọmọ àbúrò mi, tó ń ránṣọ ní Ṣómólú, tí ẹ jọ máa ń rí ara yín, wá sílé lánàá, òun ló ṣàlàyé. Ó ní ilé iṣẹ́ yín ra ẹ̀rọ tuntun kan tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa pín ìpè fún ẹ̀yin tí ẹ ń dáhùn. Kí ẹ̀rọ yìí tó lè bá fóònù ṣiṣẹ́ pọ̀, ó ní ẹ gbọ́dọ̀ ra láísẹ́ǹsì ìsopọ̀, kí ẹ sì tún ra ti ẹnìkọ̀ọ̀kan yín lórí. Ọ̀gá yín, Ọládiméjì, ra ti ìsopọ̀, ó ra ti ènìyàn méje. Mẹ́wàá sì ni yín. Ìwọ wà lára àwọn mẹ́ta tó kù, ìdí nìyẹn tí ìpè kankan kì í fi í dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Saheedat, èwo nìyí? Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ní láísẹ́ǹsì nígbà ayé rẹ̀, irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n dè é mọ́ ọn lára. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Bàbá mi gùn ún, èmi gùn ún, àbúrò mi gbé e ṣubú sí kòtò, kò sẹ́ni tó ní kí kálukú lọ ra tirẹ̀. Mo ní báwo ni èyí tí ọ̀gá yín rà ṣe rí, Rashidat ní kò ṣeé rí, kì í ṣe ìwé, kì í ṣe irin. Ó wí bẹ́ẹ̀ fún èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún tẹ̀wé ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, kí n tó wá dáko! Láísẹ́ǹsì tí mo mọ̀ ní nọ́ńbà lókè, ó sì ní ibi tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí. Mo ní kó lọ bá Mùtíù tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi níbẹ̀, kó tẹ mẹ́ta, kó lu òǹtẹ̀ sí i, kó gbé e fún Ọládiméjì. Rashidat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Mo wá ní kó bá mi kìlọ̀ fún obìnrin aláìnítìjú tó ń gbé fóònù yín. Ó ní, Bàbá, ẹ dákẹ́, ohùn Saheedat mà ni, wọ́n gbà á sínú ẹ̀rọ nítorí pé Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká. Ẹnu yà mí. Ìyá rẹ kò tilẹ̀ gbé ojú sókè nídìí ẹ̀fọ́ tó ń já. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ẹni tó ń jẹ owó orí fóònù mi láràárọ̀ tí mo bá lọ sóko. Ó ń pè é láti gbọ́ ọ, ó sì ń ṣàdúrà fún ọ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀rọ ni, kò gbọ́. Ó ní òun ò bi mí.

Ọmọ mi, má bínú pé mo bú ọ. Ṣùgbọ́n wo ìwọ̀sí: ohùn rẹ ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, kò gba láísẹ́ǹsì, ìwọ tí o ni ohùn ni kò gbọdọ̀ bá bàbá rẹ sọ gbólóhùn kan.

Nítorí náà, bí Rashidat bá ti fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, fi owó díẹ̀ sórí fóònù mi, ìyá rẹ ti fi èyí tó wà níbẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ tán. Má sì dúró de Ọládiméjì, Ọjọ́bọ̀ ò ní dúró. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti mọ ohùn rẹ, padà lọ bá a. Lẹ́yìn ení àti èjì, wí pé kí ẹni tí orúnkún ń dùn tẹ ẹ̀ta. Tí ìyá rẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, sọ fún un níbẹ̀ pé wàá wà ní Fádèyí láago mẹ́jọ. Bí àwọn ẹlòmíì bá gbọ́ ọ, kò burú, kí wọ́n ṣe àmín.

Ọ̀nà rẹ á là. Ìjókòó rẹ ò ní di ti ẹlòmíì. Ibi tí wọ́n ti ń ka orí, wọn ò ní fo tìrẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbdùlsàmàd Gbàdàmọ́sí.

Ìyá rẹ ní kí n fi kún un: níbi ẹ̀ta yẹn, kí o má ṣe pe òun ní oníbàárà wa ọ̀wọ́n. Kí o pe òun ní Màámi.