Èrò Kan Ṣoṣo Tó Ṣẹ́ Kù

Etí Odò Ọ̀sẹ̀,
Lọ́nà Ìfọ́n.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Olúyẹ́misí, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Mo gbà pé ara yín le dáadáa n'Ìbàdàn níbẹ̀. Èmi náà wà. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá ṣú.

O bi mí lórí fóònù bóyá mo ṣì ń tukọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì yára sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá tuntun lápá òkè odò, ọ̀kadà ni gbogbo èrò ń gùn. Yahya tí a jọ ń tukọ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ wà láyé ti ta ọkọ̀ tirẹ̀, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ọ́wọ̀.

Èrò kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù: Ràhmát, ọmọbìnrin kan tó gba yàrá n'Ífọ́n, tó ń ṣe tíṣà ní òdìkejì odò. A máa ń sọ̀rọ̀ títí a ó fi gúnlẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, n kò ní í bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lóṣù tó kọjá, odò kún. Ràhmát ní àwọn ọmọ iléèwé òun fẹ́ ṣe ìdánwò, kí n gbé òun kọjá. Mo ní n kò ní í lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ ti darúgbó." Kò pẹ́ tí igi ńlá kan, tòun ti gbòǹgbò, fi ya kọjá níbi tí à bá wà. Ó wò ó títí, ó yíjú padà, ó lọ gun ọ̀kadà. N kò rí i mọ́. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́n omi inú ọkọ̀, tí mo ń jókòó tì í.

Ní Jímọ́ tó kọjá ló dé. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú Ìpele. Ó ní kí ọlọ́kadà gbé ẹrù òun gba orí afárá, òun fúnra rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ mi. Nígbà tí a dé àárín omi, ó ní, "Bàbá, ojú ló ń tì mí tí n kò fi wá mọ́." Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo tu ọkọ̀ títí a fi gúnlẹ̀.

Bí mo ṣe ń dá nìkan padà bọ̀, afẹ́fẹ́ dìde, ọkọ̀ fúyẹ́ jù, orí rẹ̀ ń yí kiri lójú omi. Mo ní láti padà sí èbúté, kí n kó òkúta mẹ́ta síbi tí Ràhmát jókòó sí, kí n tó lè tù ú délé.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ pé kí n wá máa bá yín gbé, mo ti gbà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wá mú mi.

Kí ilé rẹ má dá páropáro láé. Ẹni tí yóò bá ọ sọ̀rọ̀ kò ní í wọ́n ọ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń ṣàárò rẹ,
Oyèlárán.

Mo tún rántí: bí o bá ń bọ̀, má gba orí afárá. Dúró lódìkejì, kí o pè mí. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn láti ibẹ̀.